Kọ̀ǹpútà àlòkù mẹ́ta, sítúdíò ilé kan: ohun tí ojú mi rí

Màmá agbẹ̀bí náà ti sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú 43 nígbà tí mo bojú wo kọ̀ǹpútà kejì, tí mo rí i pé ẹnu wọn là sílẹ̀, kò padé mọ́. Àwòrán ti gan. Ohùn wọn ṣì ń dún létí mi, wọ́n ń ṣàlàyé bí wọ́n ṣe máa ń fi ọwọ́ yí ọmọ tó bá dábùú nínú ìyá rẹ̀, ṣùgbọ́n lójú kọ̀ǹpútà, wọ́n dúró bí ère. Mi ò lè já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ wọn lẹ́nu. Wọ́n ti lé ní ọdún 80, oṣù mẹ́ta ni mo sì fi bẹ̀ wọ́n kí wọ́n tó gbà láti jókòó síwájú kámẹ́rà. Mo jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ tán. Lálẹ́ ọjọ́ náà, inú bí mi débi pé mo fẹ́ di gbogbo ẹrù náà padà fún ẹni tó tà á.

Àkópọ̀ ni mo rà: kọ̀ǹpútà àlòkù mẹ́ta, swíìṣì nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan (àpótí kékeré tó so wọ́n pọ̀), wáyà mẹ́ta, àti ìlérí pé àwọn òṣìṣẹ́ wọn yóò máa dáhùn ìbéèrè mi fún oṣù mẹ́fà. Kí ẹni tó bá fẹ́ ra irú rẹ̀ tó náwó, kó mọ̀ pé kọ̀ǹpútà mẹ́ta kì í para pọ̀ di kọ̀ǹpútà ńlá kan. Sọ́fítíwíà ẹ́díìtì tó bá ń wọ́ lórí ọ̀kan, yóò máa wọ́ bẹ́ẹ̀ náà ni, kódà bí a to mẹ́wàá tì í. Iṣẹ́ la máa ń pín fún wọn. Tèmi, ti àkọ́kọ́ ń gba àwòrán lọ́wọ́ kámẹ́rà, ó ń fi NDI (ọ̀nà tí a fi ń rán fídíò láti kọ̀ǹpútà kan sí òmíràn lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì) rán an gba orí wáyà lọ bá èkejì, níbi tí sọ́fítíwíà OBS Studio ti ń gbà á sílẹ̀. Ohùn nìkan ni iṣẹ́ ẹ̀kẹta. Ọ̀fẹ́ ni OBS, ọ̀fẹ́ náà ni irinṣẹ́ NDI.

Pípín iṣẹ́ yìí ló kó mi yọ. Ohùn màmá pé láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò sí ibi tó já, torí pé kọ̀ǹpútà tó ń gbà á kò dúró de àwọn méjì tó kù fún ohunkóhun. Mo mọ èyí lálẹ́ ọjọ́ yẹn, síbẹ̀ inú mi kò rọ̀.

Òṣìṣẹ́ àkọ́kọ́ tó dá mi lóhùn ní kí n pa gbogbo rẹ̀, kí n tún un tàn. Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní kí n tún un ṣe. Ẹnìkejì bi mí pé irú kọ̀ǹpútà wo ni mò ń lò, bẹ́ẹ̀ àwọn ló tà á fún mi, nọ́ńbà ọjà náà sì wà lókè ọ̀rọ̀ tí mo kọ. Ẹnìkẹta ló dun mí jù. Ó ní, “Mà, àlòkù ni, ẹ má retí pé kó ṣe bíi tuntun. Ẹ kúkú ra ẹyọ kan tó lágbára lọ́wọ́ wa.” Mo ti kọ ọ́ sí i pé nígbà tí àwòrán ń gan, kọ̀ǹpútà kejì kò lò ju ìdá 30 nínú 100 agbára rẹ̀ lọ. Kò fèsì sí ìyẹn rárá.

Ní ọjọ́ kẹrin, obìnrin kan pè mí. Ó ní, “Ẹ kú ìrọ́jú, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ wáyà tó so kọ̀ǹpútà kìíní mọ́ swíìṣì, kí ẹ gbé orí rẹ̀ sí ìmọ́lẹ̀. Wáyà tín-ín-rín mélòó lẹ rí nínú rẹ̀?”

“Mẹ́rin.”

Ó dákẹ́ díẹ̀. “Ẹ tún un kà fún mi, mà.”

“Mẹ́rin ni. Ojú mẹ́rin tó kù ṣófo.”

“Háà. Mẹ́jọ ló yẹ kó jẹ́.”

Ó fara balẹ̀ ṣàlàyé. Wáyà mẹ́rin tó fún mégábíìtì 100 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Kó tó lè gba 1000, mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ gbọ́dọ̀ pé. Swíìṣì mi lè gba 1000, àwọn kọ̀ǹpútà náà lè gbà á, ọ̀nà tó wà láàárín wọn ló há. Nígbà tí mo dán an wò, 720p ni mo lò, àwòrán tó kéré díẹ̀, ó sì ráyè kọjá. Nítorí màmá ni mo ṣe gbé e sí 1080p tó mọ́ jù ú lọ, fíríìmù 60 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ìyẹn lórí NDI sì máa ń fẹ́ ju 100 lọ. Ó tún ní kí n to ohùn gbogbo wọn sí 48 kHz (iye ìgbà tí kọ̀ǹpútà ń wọn ohùn ní ìṣẹ́jú-àáyá kan), kí n sì máa pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan níwájú kámẹ́rà ní ìbẹ̀rẹ̀ àti ní ìparí. Aago inú kọ̀ǹpútà méjì kì í rìn dọ́gba. Tí ohùn bá ń yẹ̀ díẹ̀díẹ̀ kúrò lẹ́nu ẹni tó ń sọ̀rọ̀, àtẹ́wọ́ méjèèjì ni mo máa fi fà á bọ̀ sípò. Kò sí ìwé kankan nínú páálí tó sọ èyí fún mi.

Wáyà tuntun dé lọ́jọ́ kejì. Bí mo ṣe kì í bọ̀ ọ́, iná swíìṣì tó ń pọ́n bí ọsàn tẹ́lẹ̀ di àwọ̀ ewé, mo sì pariwo nínú yàrá. Láti oṣù márùn-ún yẹn, àwòrán kò gan mọ́ rárá. Kọ̀ǹpútà tí fáànù rẹ̀ ń pariwo ti wà ní yàrá kejì. Sọ́fítíwíà Input Leap ló ń jẹ́ kí n fi máòsì kan ṣoṣo darí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Mò ń ṣe ẹ́díìtì lórí ọ̀kan, òmíràn ń yí fáìlì padà, kò sì sí èyí tó ń dí èkejì lọ́wọ́. Mo fẹ́ràn sítúdíò yìí gan-an. (Hádì díìsì kọ̀ǹpútà ohùn ń kùn wọnú máìkì, owó mi ni mo fi pààrọ̀ rẹ̀ sí SSD, irú tí kò ní ohun tó ń yí nínú rẹ̀.) Kámẹ́rà pẹ̀lú ti ń gba tirẹ̀ sórí káàdì inú rẹ̀ báyìí, ohun tó yẹ kí n ti ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀.

Mo bẹ màmá pé kí wọ́n tún jókòó. Wọ́n ní àwọn ti sọ ọ́ tán. Fọ́tò wọn ni mo fi bo ibi tí àwòrán ti gan.

Ìràwọ̀ 2 nínú 5. Ẹ ó gbọ́ ohùn wọn bí wọ́n ṣe ń ṣàlàyé yíyí ọmọ padà, ṣùgbọ́n ọwọ́ wọn tí wọ́n gbé sókè láti fi hàn mí, kò sí lórí fídíò kankan.