Rọ́bà ìdìmú sáńpépà: oṣù mẹ́fà lórí ìrókò àti apá

Ní ilé iṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà tí mo ti kọ́ṣẹ́, ègé pákó kékeré ni a máa ń wé sáńpépà mọ́ kí a tó fi gbo ojú tábìlì, ẹni tí ó bá sì fi ọwọ́ lásán gbo ó, ọ̀gá á ní kí ó tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Láti oṣù mẹ́fà sẹ́yìn ni rọ́bà ìdìmú ti gba iṣẹ́ ègé pákó yẹn ṣe lọ́wọ́ mi. Ó gùn ju àtẹ́lẹwọ́ lọ díẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ rí rọ̀bọ̀tọ̀ kí ọwọ́ lè gbá a mú, abẹ́ rẹ̀ sì tẹ́ pẹrẹsẹ. Orí rẹ̀ méjèèjì lanu, ìṣó wínníwínní tí ó wà nínú ẹnu náà ni ó ń gún sáńpépà mú kí ó má baà yọ. Odidi ìwé sáńpépà tí a ń rà lọ́jà sábà máa ń jẹ́ ínṣì 9 sí 11. Bí a bá pín ínṣì 11 náà sí ọ̀nà mẹ́rin, ègé kọ̀ọ̀kan bá rọ́bà yìí mu gẹ́lẹ́, kò sì sí èyí tí ó ṣòfò.

Títẹ́ tí abẹ́ rẹ̀ tẹ́ yìí gan-an ni mo fi fẹ́ràn rẹ̀. Ara igi kì í le bákan náà, ibìkan rọ̀ ju ibòmíràn lọ, ìka ọwọ́ a sì máa tẹ̀lé ibi tí ó rọ̀ títí yóò fi gbẹ́ kòtò tí ojú kò ní tètè rí. Ìgbà tí fánísì bá gbẹ tán, tí ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé sì gba ẹ̀gbẹ́ wọlé sórí tábìlì náà, ni gbogbo kòtò yẹn yóò hàn bí omi tí afẹ́fẹ́ ń rú. Rọ́bà ìdìmú kì í bá ìrọ̀rùn igi lọ bẹ́ẹ̀, nítorí pé ibi tí ó ga ni ó kọ́kọ́ ń kàn. Mo fi gbo ojú tábìlì kan tí a fi igi apá ṣe, nígbà tí mo sì gbé irin gígùn tí ó gún régé lé e, ìmọ́lẹ̀ kò gba abẹ́ irin náà kọjá níbì kankan.

Síbẹ̀, kò lè ṣe iṣẹ́ sùúrù fún ènìyàn. Bí nọ́ḿbà ẹ̀yìn sáńpépà bá ṣe ń pọ̀ sí i ni iyanrìn rẹ̀ ń kúnná sí i, nítorí náà láti 80 ni à ń bọ́ sí 120, ká tó dé 180 àti 240. Lórí ilẹ̀kùn ìrókò kan, mo kánjú, mo fo láti 80 sí 240. Ojú igi náà jọ̀lọ̀ lọ́wọ́ mi, ṣùgbọ́n bí fánísì àkọ́kọ́ ti kàn án ni àpá 80 yọ síta, tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́, láti òkè dé ilẹ̀, mo sì ní láti họ gbogbo rẹ̀ kúrò. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi nǹkan bo imú bí ẹ bá ń gbo ìrókò, nítorí eruku rẹ̀ a máa yọ ẹlòmíràn lẹ́nu ní imú àti ní ara.

Ó wúlò fún àwọn tí ń kun ọkọ̀ pẹ̀lú, nítorí wọn a máa fi omi sí sáńpépà dúdú tiwọn, rọ́bà kò sì ní wú bí ègé pákó ṣe ń wú bí omi bá wọ̀ ọ́.

Níbi ẹsẹ̀ àga tí a gbẹ́ ní ọnà, ó kùnà pátápátá, kò lè wọ kọ̀rọ̀ kankan. Ewé ìpín tí àwọn agbẹ́gilére ń lò láti ayé àwọn baba wa ṣì dára jù ú lọ níbẹ̀: ara ewé náà ṣákaṣàka bí ahọ́n ológbò, ó sì ń tẹ̀ síbi tí ìka bá darí rẹ̀ sí.

Àléébù tí ó dùn mí jù ni ti ìṣó inú ẹnu rẹ̀. Sáńpépà tí ó nípọn, irú nọ́ḿbà 60, a máa sán níbi tí a bá ti ṣẹ́ ẹ po, ìṣó kan sì ti yọ nínú tèmi ní oṣù kẹrin, láti ìgbà náà ni ìwé ti ń rọ̀ ní apá kan. Kí ẹ tó sanwó, ẹ fi ọwọ́ méjèèjì ya ẹnu rẹ̀, kí ẹ sì fi ìka mi ìṣó kọ̀ọ̀kan. Bí ọ̀kan bá mì, ẹ ní kí òǹtajà mú òmíràn wá.