Ìwé "Mandy": akọrin ló kọ ọ́, kò sí orin níbẹ̀

Ẹ̀gbẹ̀rún kan ààbọ̀ náírà ni mo ra ìwé yìí lọ́wọ́ bàbá oníwèé àlòkù kan nítòsí Ọjà Ọba, Adó-Èkìtì. Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ni wọ́n kọ́kọ́ pè é. Orúkọ Julie Andrews Edwards tó wà lára èèpo rẹ̀ ló dá mi dúró. Àbí òun kọ́ ni obìnrin tó kọ́ ọmọ méje lórin nínú fíìmù 1965 yẹn, The Sound of Music? Òun ni o. Mo sọ fún bàbá. "Òyìnbó ni gbogbo wọn lójú mi, tíṣà," ni wọ́n wí.

Mo ti rò pé nígbà tí ohùn rẹ̀ bàjẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ọ̀fun 1997 ló tó yà sídìí ìwé àwọn ọmọdé. Irọ́ ni. 1971 ni èyí jáde, nígbà tí ohùn ọ̀hún ṣì ń dún bí agogo, Julie Edwards ló sì fi ṣe orúkọ nígbà náà, torí orúkọ ọkọ rẹ̀ nìyẹn.

Ìkẹ́rẹ́ ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ Praimárì kẹrin. Ní ọjọ́ Jímọ̀, mo máa ń túmọ̀ rẹ̀ fún wọn díẹ̀díẹ̀. Mandy, ọmọ ọdún mẹ́wàá nílé àwọn ọmọ aláìlóbìí, gun ògiri kọjá, ó sì bá ilé kékeré kan tí ẹnikẹ́ni kò gbé, tí yàrá rẹ̀ kan kún fún ìkarahun. (Ẹnìkan bi mí bóyá ògiri náà ga tó Olósùnta, òkè àpáta Ìkẹ́rẹ́ wa.) Ó ń gbá a, ó ń ro àyíká rẹ̀, ó sọ ọ́ di tirẹ̀. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í parọ́, tó ń mú ohun olóhun nítorí ilé yìí, kíláàsì pín sí méjì. "Àǹtí, olè ni!" "Kì í ṣe olè, kò ní ìyá ni!" Ìwé tó bá lè dá irú ìjà bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ láàárín ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, owó mi kò ṣòfò.

Àléébù rẹ̀? Òdòdó pọ̀ jù. Mi ò mọ orúkọ wọn ní Yorùbá, "òdòdó, òdòdó" ni mo ń pè ṣáá. Ewé méjì sì ti já láàárín, bàbá kò sọ fún mi. Èmi ni mo hun ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ló dun àwọn ọmọ. "Àǹtí, orin rẹ̀ ńkọ́?" Wọn ò ṣẹ̀. Ìjàpá kì í rìn dé ojúlé kejì kó má tíì kọrin. Ni mo bá fà á síbẹ̀:

Ta ló ń gbá ọ, ilé mi?
Tere na.
Èmi Mandy ni o.
Tere na.

Mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún ìwé náà. Ní àárọ̀ Mọ́ńdè, àwọn tó ń gbálẹ̀ kíláàsì ń kọ orin yẹn. Wọ́n ti yọ Mandy kúrò, orúkọ ara wọn ni wọ́n fi sí i.