Ọ̀sẹ̀ Kan Lórí Òkun Pupa: Àgbéyẹ̀wò Ìrìn-àjò Ìmòòkùn Tí A Ti Ilé-Ifẹ̀ Ṣètò

Ohun tí mo fẹ́ gbé yẹ̀ wò ni ìrìn-àjò ọlọ́sẹ̀ kan nínú ọkọ̀ ojú omi tí àwọn amòòkùn máa ń sùn sí, èyí tó ń gbéra láti èbúté Hurghada ní etíkun ìlà-oòrùn Íjíbítì, tó ń gba erékùṣù Brothers kọjá sí òkìtì iyùn Daedalus, tó sì ń gba Elphinstone, òkìtì iyùn mìíràn, padà wá sílé. Ilé-Ifẹ̀ ni mo ń gbé, iṣẹ́ olùkọ́ ni mo sì ń ṣe níbẹ̀. Ọmọ Iléṣà ni ẹnìkejì tí a jọ wọ omi, iṣẹ́ títún ìdí ọkọ̀ òkun ṣe lábẹ́ omi ní agbègbè Warri ló sì fi ń jẹun. Ó máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu pé ará Ifẹ̀ ń lọ mòòkùn, ìyẹn ní ìlú tí Igbó Olókun wà. Àwa méjèèjì ti pẹ́ nínú omi, nítorí náà àwọn tó ti mọ omi bíi tiwa ni mo kọ èyí fún. N kò ní dárúkọ ilé-iṣẹ́ tó ni ọkọ̀ náà, nítorí ohun tí mo rí lọ́wọ́ wọn, àti rere àti àléébù, ṣeé fi díwọ̀n ilé-iṣẹ́ yòówù tó ń rin ọ̀nà kan náà.

Ohun tí mo kọ́kọ́ fẹ́ràn lára wọn ni ohun tó bí ẹnìkejì mi nínú: ìbéèrè wọn pọ̀. Kí wọ́n tó gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wa, wọ́n béèrè káàdì ẹ̀rí wa, ojú ewé tó kẹ́yìn nínú ìwé àkọsílẹ̀ wa, ìgbà tí a wọ omi gbẹ̀yìn, ìwé dókítà, àti nọ́ńbà ìwé adójútòfò tó bo ìmòòkùn ní pàtó. Òfin Íjíbítì fúnra rẹ̀ ni pé ẹni tí kò bá tíì ní àkọsílẹ̀ ìmòòkùn 50 kò gbọ́dọ̀ wọ omi ní àwọn ọgbà ìtọ́jú òkun tó wà láàárín agbami yìí. Síbẹ̀, àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn tí mo kọ́kọ́ kọ̀wé sí kò béèrè ju ọjọ́ tí a fẹ́ lọ àti bí a ó ṣe sanwó. Èyí nìkan tó fún mi láti kúrò lọ́dọ̀ wọn. Ilé-iṣẹ́ tí kò bá bi mí léèrè ohun tí mo mọ̀, kò ní bi ẹlòmíràn tí a ó jọ wà nínú omi pẹ̀lú, ẹni bẹ́ẹ̀ sì lè jẹ́ ẹni tí yóò gbé wàhálà rẹ̀ wá bá mi ní mítà 30.

Nígbà tí wọ́n rí i pé ọ̀pọ̀ nínú àkọsílẹ̀ ẹnìkejì mi yìí jẹ́ ti ibi iṣẹ́, wọ́n ní kí ó yọ èyí tí ó ti fúnra rẹ̀ gbé àgbá afẹ́fẹ́ sẹ́yìn sọ́tọ̀ fún wọn. Ó pè mí láti Iléṣà, ó ní, “Bọ̀ọ̀dá, iṣẹ́ tí mo fi ń tọ́ ọmọ ni wọ́n ń bi mí bóyá mo mọ̀ ọ́n ṣe.” Mo bẹ̀ ẹ́ kí ó ní sùúrù, nítorí ẹ̀tọ́ ni wọ́n ṣe. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní ìdí ọkọ̀ ní èbúté, òkè ni afẹ́fẹ́ ti ń bọ̀ wá bá a nínú rọ́bà gígùn, ẹni tó ń ṣọ́ ọ ń bá a sọ̀rọ̀ láti òkè, okùn tí wọ́n lè fi fà á jáde sì wà lára rẹ̀. Ní Daedalus, afẹ́fẹ́ tó wà lẹ́yìn èèyàn ni gbogbo afẹ́fẹ́ tó ní, ojú kò tó ìsàlẹ̀, ìṣàn omi kò sì ní dúró dè é. Ó wá àkọsílẹ̀ náà jáde, ó fi ránṣẹ́, wọ́n sì gbà á láìjanpata.

Ètò afẹ́fẹ́ ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí jù nígbà tí ẹ bá ń kọ̀wé sí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Àgbá lítà 12 ni wọ́n ń fún gbogbo èèyàn, tí wọ́n bá sì rọ ọ́ dé bar 200 (bar ni a fi ń wọn bí afẹ́fẹ́ ṣe fún mọ́ra tó nínú àgbá), afẹ́fẹ́ lítà 2,400 ló wà nínú rẹ̀. Ẹni tó ń mí lítà 20 ní ìṣẹ́jú kan lórí ilẹ̀ yóò máa mí lítà 80 ní mítà 30, nítorí pé ìlọ́po mẹ́rin ohun tó ń tẹ̀ ẹ́ lórí ilẹ̀ ni yóò máa tẹ̀ ẹ́ níbẹ̀. Tí ó bá fi bar 50 sílẹ̀ fún ìpadàbọ̀, lítà 1,800 ló kù fún un, èyí kò sì pé ìṣẹ́jú 23. Èèyàn fìrìgbọ̀n ni ẹnìkejì mi, tí a bá sì jọ wọ omi, afẹ́fẹ́ tirẹ̀ ni yóò pinnu ìgbà tí àwa méjèèjì yóò jáde, ìdí nìyí tí mo fi béèrè àgbá lítà 15 fún un láti ilé. Wọ́n ní ó wà, ó sì wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìgbà tí a dé orí ọkọ̀ ni wọ́n tó sọ pé owó rẹ̀ wà lọ́tọ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí nínú lẹ́tà wọn. A san án, mo sì sọ fún wọn pé kò dára. Ẹ béèrè iye rẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ sí ohunkóhun, kí ẹ sì béèrè owó ọgbà ìtọ́jú òkun pẹ̀lú, èyí tí wọ́n ń gbà lówó tútù lọ́jọ́ tí èèyàn bá wọ ọkọ̀.

Níbi tí wọ́n ti gba ọkàn mi pátápátá ni ọ̀rọ̀ nitrox, afẹ́fẹ́ tí wọ́n fi ọ́síjìn kún dé ìdá 32 nínú ọgọ́rùn-ún. Gbogbo wa mọ àǹfààní rẹ̀: ní mítà 30, ìṣẹ́jú 20 ni tábìlì àkókò ti PADI, àjọ tó ń kọ́ni ní ìmòòkùn, gbà fún ẹni tó ń mí afẹ́fẹ́ lásán, ó sì gbà tó 30 fún ẹni tó ń lo nitrox yìí, nítorí náítírójìn tó ń wọ ara rẹ̀ dín kù. Gbogbo wa náà ló mọ ewu rẹ̀, pé ọ́síjìn yẹn lè di májèlé tí èèyàn bá kọjá nǹkan bíi mítà 34. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń rọ afẹ́fẹ́ nínú ọkọ̀ yìí kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé àgbá kúrò níwájú rẹ̀ àyàfi tí onítọ̀hún bá fúnra rẹ̀ fi ẹ̀rọ wọ̀n ọ́n, tí ó ka nọ́ńbà rẹ̀ sókè, tí ó sì fọwọ́ síwèé. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ẹ̀rọ náà gbé 34 jáde fún mi dípò 32. Ó gba ẹ̀rọ náà lọ́wọ́ mi, ó tún un wọ̀n, 34 náà ni, ó fa téèpù tó wà lọ́rùn àgbá náà ya, ó lẹ òmíràn mọ́ ọn, ó sì ní kí n kọ mítà 31 sí i gẹ́gẹ́ bí òpin ibi tí mo lè jìn dé. Kò sọ pé ìyàtọ̀ rẹ̀ kéré. Mo tún kọ̀ǹpútà ìmòòkùn tó wà lọ́rùn-ọwọ́ mi tò kí n tó wọ aṣọ rọ́bà.

Ọjọ́ àkọ́kọ́, òkìtì iyùn kan tí kò jìnnà sí Hurghada ni wọ́n gbé wa lọ láti dán wa wò. Òkun Pupa níyọ̀ ju òkun tiwa lọ, ó tó gíráàmù 40 nínú lítà kan, nígbà tí ti òkun yòókù jẹ́ bíi 35, nítorí náà omi rẹ̀ ń gbé èèyàn léfòó jù, òjé tí a ń so mọ́ ìbàdí sì gbọ́dọ̀ lé sí i. Atọ́nà wa ní kí ẹnì kọ̀ọ̀kan fẹ́ bàlúùnù àmì gígùn rẹ̀ láti abẹ́ omi níṣojú òun. Ẹnì kan wà tí okùn bàlúùnù lọ́ mọ́ lọ́wọ́, atọ́nà sì mú un tún un ṣe títí ó fi mọ́ ọn lọ́wọ́. Ní agbami, àmì yìí nìkan ni ọkọ̀ rọ́bà kékeré yóò fi rí èèyàn láàárín ìgbì.

Oṣù October ni a yàn, nítorí àkurákudà onílẹbẹ funfun tó máa ń wá sí Elphinstone ní ìparí ọdún. Ẹni tó bá jẹ́ pé àkurákudà olórí òòlù ló fẹ́ rí ní Daedalus, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tiwọn, láàárín June sí August, ló dára fún un. Erékùṣù Brothers kò ní àkókò kan pàtó. Ọkọ̀ Numidia tó rì ní Big Brother, èyí tó tóbi jù nínú erékùṣù méjèèjì, ní 1901 ṣì wà lára ògiri òkìtì náà, ó dà gẹ̀ẹ̀rẹ̀ lọ sísàlẹ̀ kọjá ibi tó yẹ kí ẹnikẹ́ni nínú wa dé, àwọn táyà irin ọkọ̀ ojú irin tí ó kó sì fọ́n sí orí òkìtì lókè. Mo fọwọ́ sẹ́yìn, mo kàn wò ó, nítorí wọn kò gba ìbọ̀wọ́ láyè nínú ọgbà ìtọ́jú yìí kí ẹnikẹ́ni má baà máa di iyùn mú.

Ní Elphinstone, àkurákudà onílẹbẹ funfun náà wá fúnra rẹ̀. Lẹbẹ rẹ̀ tó nà jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ gùn, orí lẹbẹ náà sì rí kìrìbìtì bí àtẹ́lẹ́ páànù, funfun rẹ̀ kò sì mọ́ délẹ̀, ó ní àbàwọ́n. Àwọn ẹja kéékèèké abilà, dúdú àti funfun, ń lọ ní iwájú imú rẹ̀. Ó gba abẹ́ ọkọ̀ kọjá, ó yí padà, ó tún gba ẹ̀gbẹ́ wa kọjá, ó sún mọ́ wa díẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Atọ́nà ti sọ ohun tí a ó ṣe kí a tó wọ omi: kí èèyàn dúró ṣinṣin ti ẹnìkejì rẹ̀, kí ó kọjú sí i, kí ó má ṣe fi ẹsẹ̀ pa omi lókè, kí ó sì gun ọkọ̀ rọ́bà kíákíá tí àkókò bá tó. A ṣe é bẹ́ẹ̀. N kò mọ ohun mìíràn tí owó lè rà tí mo lè fi wé ìṣẹ́jú wọ̀nyẹn, mo sì ń sọ èyí pẹ̀lú gbogbo ọkàn mi.

Ọ̀rọ̀ ààbò ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ni wọ́n ti kù díẹ̀ káàtó. Àwa amòòkùn máa ń wádìí régúlétọ̀ wa, ohun tí a ń fi sẹ́nu mí, fínnífínní, a ó sì lọ sùn sínú iyàrá tí a kò wá ọ̀nà àbájáde rẹ̀. Ní 2 September 2019, ọkọ̀ Conception gbiná ní etíkun Kalifọ́níà, èèyàn 34 tó ń sùn nísàlẹ̀ rẹ̀ ló kú, kò sì sí ẹni tó ń ṣọ́ ọkọ̀ lóru ọjọ́ náà. Ní 25 November 2024, ọkọ̀ Sea Story rì nítòsí Marsa Alam, lórí Òkun Pupa yìí gan-an. Nítorí náà, mo ti béèrè nínú lẹ́tà bóyá ẹni tó ń ṣọ́ ọkọ̀ lóru wà, wọ́n ní ó wà, mo sì jí lóru mo rí i tó ń rìn. Ṣùgbọ́n ọ̀nà àbájáde kejì nísàlẹ̀ wà lórí ibùsùn nínú iyàrá kan, ẹrù àlejò sì ti dí i. Èmi ni mo ní kí wọ́n kó o kúrò. Wọ́n kó o láìjiyàn, àmọ́ kò yẹ kó jẹ́ àlejò ni yóò sọ ọ́. Bákan náà ni wọ́n jẹ́ kí àwọn kan máa fi bátìrì iná ọwọ́ sórí iná mọ́jú nínú gbọ̀ngàn, ohun tó yẹ kí wọ́n kà léèwọ̀. Mo kọ èyí sínú ìwé èrò tí wọ́n fún wa lópin ọ̀sẹ̀, wọ́n sì dáhùn pé àwọn yóò ṣe tábìlì kan síta fún un.

Oúnjẹ dára, iyàrá mọ́, ẹ̀rọ amúlétutù ń pariwo.

Ní ti ìmúra láti ilé, ẹ tètè bẹ̀rẹ̀ físà. Àwọn ará Íjíbítì ń béèrè káàdì abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó bá ti Nàìjíríà wá, káàdì náà kì í sì í ṣiṣẹ́ àfi lẹ́yìn ọjọ́ 10 tí a gba abẹ́rẹ́. Láti 2016 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ní kí ó máa ṣiṣẹ́ títí ayé. Bátìrì tí kò sí nínú ẹ̀rọ kò gbọ́dọ̀ wọ inú àpótí tí a ń jọ̀wọ́ fún ọkọ̀ òfurufú, ọwọ́ ni kí ẹ gbé e sí. Dókítà kan ní Ilé-Ifẹ̀ ló ṣe àyẹ̀wò etí àti àyà fún mi, ó sì fi ìfarabalẹ̀ ka fọ́ọ̀mù náà láti òkè délẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ lọ nígbà ọyẹ́, kí ó rántí pé ọ̀fìnkìn tó ń dí imú lásán nílé lè mú kí etí má ṣí rárá ní mítà márùn-ún.

Ìyìn kan ṣì kù tí mo gbọ́dọ̀ fún ilé-iṣẹ́ náà. Wọ́n kọ̀ láti jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọ omi lọ́jọ́ tó kẹ́yìn, kí ó lè pé wákàtí 24 láàárín ìmòòkùn ìkẹyìn àti ọkọ̀ òfurufú. Wákàtí 18 ni DAN, àjọ tó ń rí sí ààbò àwọn amòòkùn, sọ pé ó kéré jù fún ẹni tó ti mòòkùn fún ọjọ́ púpọ̀, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ inú ọkọ̀ òfurufú lè fúyẹ́ bíi ti orí òkè tó ga tó mítà 2,400, mo sì fara mọ́ wákàtí mẹ́fà tí wọ́n fi kún un. Ìwé adójútòfò wa ṣì ń ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn tí a délé, bí mo sì ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn. Àìsàn tí náítírójìn tó kù nínú ara ń fà máa ń fara hàn kí wákàtí 24 tó pé lọ́pọ̀ ìgbà, ṣùgbọ́n ọkọ̀ òfurufú lè mú kí ó yọjú lẹ́yìn èyí, gẹ́gẹ́ bí oríkèé ríro, ara wíwúwo tàbí ọwọ́ tó ń jẹni wìnnìwìnnì. Tí èèyàn bá sọ irú èyí nílé ní Ifẹ̀ tàbí Iléṣà, oògùn ibà ni wọn yóò kọ́kọ́ nawọ́ gán. Ẹ sọ fún dókítà lójú ẹsẹ̀ pé ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú òkun dé, ọjọ́ tí ẹ jáde nínú omi àti bí ẹ ṣe jìn tó, kí nọ́ńbà ìpè pàjáwìrì adójútòfò sì wà lọ́wọ́ ẹni tí ẹ jọ ń gbélé kí ẹ tó gbéra.