Ihò Ara Ògiri Tí Híítà Fi Ń Mí: Iṣẹ́ Oníṣẹ́ Gáàsì Kan Ní Peckham

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2023 ni mo gbé iṣẹ́ híítà gáàsì inú pálọ̀ wa fún oníṣẹ́ gáàsì kan ní Peckham, ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù. Mo ti fi híítà náà yáná fún ìgbà òtútù méjì kí n tó kọ èyí, torí iṣẹ́ tó bá ti kan gáàsì kì í ṣe ohun tí èèyàn ń tètè yìn. Ọwọ́ tó fi mú ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ ni mo ń yìn ín fún, ju ẹwà híítà náà lọ.

Ilé àtijọ́ tó lẹ̀ mọ́ ilé aládùúgbò ni ilé wa, ó ní ààrò nínú ògiri pálọ̀, ṣímínì rẹ̀, ìyẹn ọ̀nà tí èéfín ń gbà jáde, sì gba inú àjà yọ sórí òrùlé. Ẹni tó ni ín ṣáájú wa ti pààrọ̀ gbogbo fèrèsé sí onígíláàsì méjì, débi pé afẹ́fẹ́ kò fi bẹ́ẹ̀ ríbi yọ́ wọlé mọ́. Ilé-iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí mo kàn sí dá iye owó lé e lórí fóònù. Wọn kò béèrè bí yàrá náà ṣe tóbi tó, wọn kò béèrè nípa ṣímínì, wọn kò sì dárúkọ ihò afẹ́fẹ́. Nígbà tí mo fẹnu ara mi bi wọ́n, wọ́n ní kí n máa ṣí fèrèsé díẹ̀ nígbà tí mo bá tan iná. Ta ni yóò ṣí fèrèsé sílẹ̀ lóru oṣù kìíní ní Lọ́ńdọ̀nù? Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, mo sì wá ẹlòmíràn lọ.

Ẹni kejì yìí ti yọ káàdì rẹ̀ kí n tó béèrè. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, oníṣẹ́ tí orúkọ rẹ̀ kò bá sí nínú Gas Safe Register, ìwé orúkọ àwọn oníṣẹ́ gáàsì tó láṣẹ, tó gbapò ti àtijọ́ tó ń jẹ́ CORGI ní 2009, kò gbọdọ̀ gba iṣẹ́ gáàsì nínú ilé ẹnikẹ́ni. Ó ní kí n yí ẹ̀yìn káàdì náà wò, torí ibẹ̀ ni wọ́n kọ irú iṣẹ́ tí ó láṣẹ láti ṣe sí. Ẹni tó lè so sítóòfù lè má láṣẹ láti fi híítà sínú ààrò.

Irú híítà tí iná rẹ̀ ń jó lójú láàárín èédú àtọwọ́dá ni mo yàn. Ó ṣàlàyé fún mi pé inú yàrá ni irú iná bẹ́ẹ̀ ti ń fa gbogbo afẹ́fẹ́ tó ń lò, tí yóò sì tú èéfín rẹ̀ sínú ṣímínì, nítorí náà bí afẹ́fẹ́ tuntun kò bá wọlé, èéfín kò ní lè jáde. Ó ṣí ìwé tó bá híítà náà wá, ó fi ibi tí wọ́n kọ ìwọ̀n ihò sí hàn mí, ó sì gbẹ́ ihò kan gba inú ògiri já síta gbangba, tí àyè rẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 10 ní ìbú àti 10 ní òró. Ìdérí oníhò tó fi bò ó kò ní ohun tí a fi lè tì í, bẹ́ẹ̀ ni kò fi nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn sí i, torí eruku a máa dí nẹ́ẹ̀tì.

Kí ó tó dé ibẹ̀ rárá, wọ́n ti gbá ṣímínì náà, ìtẹ́ ẹyẹ odindi kan sì já bọ́ láti inú rẹ̀. Ó tan ohun kékeré kan bí hóró oògùn tó ń rú èéfín gùdù sínú ààrò, ó yẹ gbogbo yàrá òkè wò bóyá èéfín ń jò, lẹ́yìn náà ni èmi àti òun dúró lójú títì tí a ń wo orí òrùlé títí èéfín fi yọ. Nígbà tó so híítà tán, ó ti gbogbo ilẹ̀kùn àti fèrèsé tó yọ síta pa, ó tan fáànù tó ń fa ooru jáde nílé ìdáná dé ìpele tó le jù, ó sì mú iṣáná elééfín súnmọ́ etí ààrò. Èéfín náà tẹ̀ sínú, ó gun òkè lọ.

Iná gáàsì tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ kò bá tó a máa bí afẹ́fẹ́ olóró tí à ń pè ní carbon monoxide. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, ó sì ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀ ju afẹ́fẹ́ oxygen lọ ní ìlọ́po tó ju 200. Orí á máa fọ́ni, òòyì á máa kọ́ni, inú á máa rú, èèyàn á sì rò pé ibà ni. Àwa tí a ti ilé wá mọ̀ ọ́n: òun ni jẹnẹrétọ̀ ẹ̀yìn fèrèsé fi ń pa ìdílé mọ́jú, òun náà ló wà nínú àdògán èédú tí wọ́n gbé wọ yàrá nítorí òtútù.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2024, màmá mi wá kí wa láti Abẹ́òkúta. Àga tó wà nítòsí ihò náà ló wù wọ́n láti jókòó sí, òtútù sì ń fẹ́ sí wọn lẹ́sẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ tí oníṣẹ́ náà fẹ́ wá yẹ híítà wò, èyí tó ń ṣe lọ́dọọdún, wọ́n ti ká àǹkárá àtijọ́ kan, wọ́n sì fi dí ihò náà gbọningbọnin. A kò mọ̀. Ó tan iná, ó tan fáànù ilé ìdáná, ó mú iṣáná rẹ̀ súnmọ́ ààrò, èéfín náà sì yí padà, ó tú bọ̀ wá sáàárín pálọ̀ sí wa. Ó pa iná lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ó ṣí gbogbo fèrèsé, ó sì ń fọwọ́ tọ ara ògiri títí ó fi kan aṣọ lẹ́yìn àga. Kò pariwo mọ́ wọn. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé aṣọ náà fún wọn, ó ń ṣàlàyé, mo sì ń túmọ̀ rẹ̀. Màmá wò ó, wọ́n ní, “Ṣé imú iná nìyẹn ni?” Mo ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá.” Nígbà tó tún dán an wò lẹ́yìn náà, èéfín gbọ̀nà òkè lọ. Òun fúnra rẹ̀ ló bá wọn gbé àga kúrò níbẹ̀, ó sì tẹ aláàmù carbon monoxide wò bóyá ó ń dún, ó ka ọjọ́ tí a lè lò ó dé, tí wọ́n kọ sí ẹ̀yìn rẹ̀, fún mi.

Mo ní ẹ̀sùn díẹ̀. Owó rẹ̀ fi £80 ju ti àwọn àkọ́kọ́ lọ, ó pẹ́ dé ní ohun tó ju wákàtí méjì lọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kò sì kun ibi tó gbẹ́ lára ògiri. Òtútù náà ṣì ń gba inú ihò wọlé nígbà tí iná bá kú, mi ò sì lè purọ́ pé kò sí. Síbẹ̀ mi ò ní gba ọ̀nà mìíràn.

Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ayálégbé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, onílé yín ló gbọ́dọ̀ mú oníṣẹ́ wá yẹ híítà tó bá jẹ́ tirẹ̀ wò láàárín oṣù 12-12, kí ó sì fún yín ní ẹ̀dà ìwé rẹ̀ láàárín ọjọ́ 28. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 2022, aláàmù carbon monoxide di dandan fún un ní yàrá tí irú híítà yìí bá wà.

Ẹni tí kò bá fẹ́ ihò nínú pálọ̀, oníṣẹ́ yìí sọ fún mi pé híítà kan wà tí ojú rẹ̀ dé pátápátá, tó ń fa afẹ́fẹ́ rẹ̀ láti ìta tó sì ń tú èéfín rẹ̀ síta bákan náà. Híítà bẹ́ẹ̀ ni mo ti ní kí ó bá mi wò fún yàrá tí Màmá yóò máa sùn nígbà tí wọ́n bá tún padà wá.