Agbádá Debian lọ́rùn Tiny Core: èwo ló wọ̀ ọ́, èwo ni kò wọ̀ ọ́?

Ká tètè sọ ìdájọ́ wa, kí ẹni tí kò ráyè lè máa lọ. Tiny Core Linux fúnra rẹ̀ (ẹ̀yà Linux kékeré, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà bíi ti Windows), a fún un ní ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún. Kíkó pákéèjì (prógíráàmù tí wọ́n ti dì fún ìgbékalẹ̀) ti Debian, ẹ̀yà Linux ńlá, wọ inú rẹ̀, mẹ́ta péré. Irinṣẹ́ orí tẹ́mínà, fọ́ǹtì àti ìwé atúmọ̀ ọ̀rọ̀ kì í fúnni ní wàhálà. Ohun tó bá gùn lé GTK, àkójọ kóòdù tó ń ya wíńdò àti bọ́tìnì, ẹ ó làágùn kó tó dúró. Ohun tó bá sì gbára lé systemd, tó ń tan iṣẹ́ abẹ́lẹ̀ Debian, ẹ fi í sílẹ̀ nílé Debian tó ti wá.

Robert Shingledecker ló bẹ̀rẹ̀ Tiny Core ní 2008, ó sì ṣì kéré títí di òní. ISO (fáìlì ìgbékalẹ̀) tó ń jẹ́ Core, tí kò ní nǹkan kan ju tẹ́mínà lọ, jẹ́ nǹkan bíi MB 17. TinyCore, tó ní wíńdò àti áíkọ́ọ̀nù, jẹ́ nǹkan bíi MB 23. CorePlus lé ní MB 200, òun ló sì yẹ ẹni tó fẹ́ gbé e sórí hard disk, torí òun ni irinṣẹ́ ìgbékalẹ̀ àti ti Wi-Fi wà nínú rẹ̀. Àwọn tó ṣe é ní RAM tó bá dín sí MB 46 kò lè tan TinyCore, pé Core nìkan lè fara da MB 28, àmọ́ pé MB 128 ló dáa. Láptọ́ọ̀pù tòkúnbọ̀ tó ní GB 1, ọlọ́lá ni níbẹ̀.

Inú RAM ni gbogbo rẹ̀ ń gbé, ìdí nìyẹn tó fi ń yára. Prógíráàmù kọ̀ọ̀kan wà nínú fáìlì kan tí orúkọ rẹ̀ parí sí .tcz. Squashfs ni fáìlì náà: a ti fún un pọ̀, a kò sì lè kọ nǹkan kún un mọ́. Bí kọ̀ǹpútà bá ti ń tan, yóò so ó kọ́ sí /tmp/tcloop, yóò wá ta symlink (àmì tó ń tọ́ka sí fáìlì) láti ibẹ̀ lọ sí /usr/local. Ẹ yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú onboot.lst, ẹ pa kọ̀ǹpútà, ẹ tún un tàn, ó ti lọ láìfi ìdọ̀tí kankan sílẹ̀. Ti Debian yàtọ̀. dpkg, irinṣẹ́ ìgbékalẹ̀ rẹ̀, máa ń tú ẹrù .deb (fáìlì pákéèjì Debian) sí gbogbo yàrá ilé, ìwé àṣẹ tó ń jẹ́ postinst á tún wá tẹ̀ lé e láti ṣètò èyí tó kù. Tiny Core kì í ka postinst rárá. Ibẹ̀ ni èyí tó pọ̀ jù nínú wàhálà tó ń bọ̀ ti ń wá.

Ẹ má tíì fọwọ́ kan .deb kankan o. Ẹ tẹ tce-ab nínú tẹ́mínà, kí ẹ wá orúkọ ohun tí ẹ fẹ́ nínú ọjà Tiny Core fúnra rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìgbà, ó ti wà níbẹ̀. Firefox, fún àpẹẹrẹ, ẹ kò nílò ti Debian: firefox_getLatest.tcz ló máa bá yín kó èyí tó jáde gbẹ̀yìn. Ìgbà tí ẹ bá wá a tì ni kí ẹ tó yíjú sí Debian, tó jẹ́ pé ẹ̀dà 12 rẹ̀, tó jáde ní oṣù kẹfà 2023, kó pákéèjì tó lé ní 64,000 dání.

Ẹ̀dà Debian wo wá ni? Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń kọsẹ̀. glibc ni láíbírì (kóòdù tí ọ̀pọ̀ prógíráàmù jọ ń lò) tí gbogbo prógíráàmù ń tẹ̀ lé lẹ́sẹ̀, òfin rẹ̀ kò sì ṣòro: prógíráàmù tí wọ́n kọ́ sórí glibc àtijọ́ á ṣiṣẹ́ lórí èyí tó jẹ́ tuntun, èyí tí wọ́n kọ́ sórí tuntun kì í sábà gbà fún àtijọ́. Ẹ wo tiyín báyìí:

/lib/libc.so.6 | head -1

Debian 10 ń lo 2.28, Debian 11 ń lo 2.31, Debian 12 ń lo 2.36, Debian 13 ń lo 2.41. Ẹ mú ẹ̀dà Debian tí glibc rẹ̀ bá tiyín dọ́gba tàbí tó rẹlẹ̀ sí i, kó má ju tiyín lọ. Bí ẹ bá ṣi mú, version `GLIBC_2.38' not found tàbí èyí tó jọ ọ́ ni ẹ ó máa rí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má sọ pé ẹ fẹ́ fi libc6 ti Debian yanjú rẹ̀. Ẹni tó bá gbé libc6 wọ inú .tcz ń fa ìpìlẹ̀ ilé yọ láti fi tún òrùlé ṣe.

Ti Ubuntu, tí wọ́n kọ́ láti ara Debian, tún ní tirẹ̀ lọ́tọ̀. Láti 21.10 ni wọ́n ti ń fi zstd fún .deb wọn pọ̀, nítorí náà data.tar.zst ni ẹ ó bá nínú rẹ̀ dípò data.tar.xz. Ó ṣe é tú, ṣùgbọ́n ẹ ó kọ́kọ́ wá irinṣẹ́ zstd. Debian kò ní ìyọnu yìí.

Ẹ jẹ́ ká fi ncdu ṣe àpẹẹrẹ, irinṣẹ́ kékeré tó ń fi fódà tó ń jẹ àyè lórí disk hàn. Ẹ gbà á wálẹ̀ láti deb.debian.org pẹ̀lú http lásán, torí wget (irinṣẹ́ ìgbàwálẹ̀) inú Busybox, àkójọ irinṣẹ́ kékeré Tiny Core, kì í sábà mọ https. Ẹ gbé e sí fódà tirẹ̀ nínú /tmp, lẹ́yìn náà:

tce-load -wi binutils xz squashfs-tools
ar x ncdu_*_amd64.deb
mkdir pkg
xzcat data.tar.xz | tar -x -C pkg
mkdir -p pkg/usr/local/bin pkg/usr/local/lib
mv pkg/usr/bin/* pkg/usr/local/bin/
rm -rf pkg/usr/share/doc pkg/usr/share/man pkg/usr/share/locale
sudo chown -R root:root pkg
mksquashfs pkg ncdu.tcz -b 4k -no-xattrs
md5sum ncdu.tcz > ncdu.tcz.md5.txt
cp ncdu.tcz* /etc/sysconfig/tcedir/optional/
tce-load -i ncdu

-b 4k ló mú kí ẹyọ tí RAM ń kà lẹ́ẹ̀kan kéré. Fáìlì á fẹ̀ díẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n lórí kọ̀ǹpútà tí RAM rẹ̀ kò tó nǹkan, èrè wà níbẹ̀. Ní ti usr/share, ìwé àlàyé àti èdè nìkan la ní kí ẹ pa rẹ́. Bí prógíráàmù bá ní fódà tirẹ̀ níbẹ̀, ẹ má gbé e kúrò lọ sí /usr/local, torí àwọn tó kọ ọ́ lè ti kọ /usr/share mọ́ ọn nínú, kò sì ní rí ẹrù rẹ̀ mọ́.

Lẹ́yìn tó bá wọlé, ẹ bi í léèrè ohun tó kù:

ldd /usr/local/bin/ncdu | grep "not found"

Ó ṣeé ṣe kó dárúkọ libtinfo.so.6. Ìdí rẹ̀ ni pé Debian pín ncurses, láíbírì tó ń ya ojú tẹ́mínà, sí méjì, libncursesw lọ́tọ̀, libtinfo lọ́tọ̀. Kì í ṣe gbogbo ẹ̀yà Linux ló ń pín in bẹ́ẹ̀. Àwọn kan máa ń ta symlink láti libtinfo.so.6 sí libncursesw.so.6. Ó lè ṣiṣẹ́, àmọ́ á máa kùn pé no version information available, torí Debian ń kọ ẹ̀dà mọ́ orúkọ inú láíbírì rẹ̀. Ọ̀nà tó mọ́ ni kí ẹ tú libtinfo6 ti Debian kan náà sínú fódà mìíràn, torí data.tar.xz rẹ̀ á borí ti àkọ́kọ́ bí ẹ bá tú méjèèjì síbì kan. Kí ẹ wá fi sudo cp -a kó àwọn .so (fáìlì láíbírì) rẹ̀ lọ sí pkg/usr/local/lib. Nínú Debian 12, abẹ́ lib/x86_64-linux-gnu ni wọ́n wà. Nínú Debian 13, wọ́n ti kó lọ sí usr/lib/x86_64-linux-gnu. Ẹ má fi wọ́n sílẹ̀ síbẹ̀ o, Tiny Core kì í wá láíbírì nínú fódà yẹn.

Bó bá tún sọ pé Error opening terminal: xterm, kì í ṣe láíbírì ló kù mọ́. libtinfo ti Debian ń wá terminfo (àkọsílẹ̀ irú tẹ́mínà) ní /lib àti /usr/share, ti Tiny Core sì lè wà níbòmíràn. Ẹ fi find wá fódà tó ń jẹ́ terminfo, kí ẹ kọ ibi tó wà sínú TERMINFO, fún àpẹẹrẹ:

export TERMINFO=/usr/local/share/terminfo

Not found mìíràn tún wà tó máa ń dà wọ́n láàmú ju ti láíbírì lọ. Ẹ rí fáìlì náà kedere pẹ̀lú ls, ẹ pè é, Busybox ní òun kò rí i. Kò parọ́: fáìlì wà, ẹni tó máa kà á ni kò sí. Bó bá jẹ́ ìwé àṣẹ Perl tàbí Python ni, ẹ wo ìlà àkọ́kọ́ rẹ̀. Debian á kọ /usr/bin/perl síbẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé /usr/local/bin ni ti Tiny Core wà. Bó bá jẹ́ prógíráàmù gidi ni, ó lè jẹ́ pé amd64 ni ẹ mú wá sórí Core oníbíìtì 32, níbi tí kò ti sí /lib64/ld-linux-x86-64.so.2. Pé kernel (ọkàn Linux) jẹ́ vmlinuz64 kò túmọ̀ sí pé ilé tó wà lórí rẹ̀ jẹ́ bíìtì 64. CorePure64 nìkan ló rí bẹ́ẹ̀. Ní ìdà kejì, Tiny Core lè tan lórí 486DX, àmọ́ i386 ti Debian 12 ń fẹ́ i686. Kọ̀ǹpútà arúgbó tó bá gbà á á kàn kígbe Illegal instruction ni.

Fọ́ǹtì ló rọrùn jù, torí pákéèjì tí wọ́n kọ all sí lórí dípò amd64 kò ní láíbírì kankan nínú. Ó sì wúlò fún àwa tí ẹ, ọ àti ṣ ń di àpótí òfìfo lójú wa. Ẹ tú fonts-dejavu-core, ẹ kó àwọn fáìlì .ttf rẹ̀ sí usr/local/share/fonts, ẹ wá ṣe ìwé àṣẹ kékeré kan sí usr/local/tce.installed nínú pkg, kí orúkọ rẹ̀ bá ti .tcz mu láìsí .tcz lẹ́yìn. Ìlà méjì péré:

#!/bin/sh
fc-cache -f

Fódà tce.installed yẹn gbọ́dọ̀ jẹ́ ti root:staff, pẹ̀lú 775, torí ibẹ̀ ni tce-load máa ń kọ orúkọ ohun gbogbo tó bá gbé sílẹ̀ sí. Ìwé àṣẹ yìí ló ń gba ipò postinst. Ẹ fi fc-list | grep DejaVu wò bóyá ó ti wọlé. Láti lè tẹ àmì ohùn, X (ètò tó ń ya wíńdò) kékeré inú ISO kò tó. Ẹ gba Xorg-7.7.tcz, kí ẹ wá tẹ setxkbmap -layout ng -variant yoruba. Ẹ tún fi getlocale.tcz ṣe locale (ètò èdè) UTF-8, kí tẹ́mínà má baà fọ́ orúkọ fáìlì yín. yo_NG.UTF-8 wà nínú glibc fún ẹni tó bá fẹ́ ẹ.

Ní ti GTK, ìgbà tí láíbírì bá pé tán ni ìṣòro ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Debian ń sá iṣẹ́ kan lábẹ́lẹ̀ tí ojú kì í rí: ó ń pe glib-compile-schemas, ó ń tún àkọsílẹ̀ gdk-pixbuf kọ. Bí ẹ kò bá fi méjèèjì sínú tce.installed, prógíráàmù á kú pẹ̀lú ẹjọ́ pé Settings schema is not installed, tàbí kó ṣí láìní àwòrán kankan. Ìyẹn nìkan kọ́. Láíbírì tó ti wà nílẹ̀ ni tce-load ń bọ̀wọ̀ fún. Èyí tí ẹ gbé wá lẹ́yìn kì í borí rẹ̀. Prógíráàmù yín lè máa bá glib ti Tiny Core sọ̀rọ̀ nígbà tó rò pé ti Debian ni. Lójú tiwa, ó sàn kí ẹ gba compiletc.tcz, kí ẹ kọ́ ọ láti orísun.

Àwọn tó ń dúró lẹ́yìn bí sáfà ló burú jù. Fáìlì systemd wọn kò já mọ́ nǹkan kan níbí, inú /opt/bootlocal.sh ni ẹ ó ti máa pè wọ́n. Òǹlò tí postinst ìbá dá sílẹ̀, ẹ̀yin lẹ ó fi adduser dá a, ẹ ó sì kọ etc/passwd, etc/group àti etc/shadow sínú /opt/.filetool.lst, láìsí àmì / níwájú wọn. Bí ẹ bá gbàgbé, òǹlò náà á pòórá bí kọ̀ǹpútà bá ti kú. Lẹ́yìn àtúnṣe kọ̀ọ̀kan, ẹ tẹ filetool.sh -b lójú ẹsẹ̀. Inú RAM lẹ wà, NEPA kì í sì í kìlọ̀ kó tó mú iná lọ.

Ẹni tí gbogbo ohun tó fẹ́ bá jẹ́ ti Debian, tó sì ní RAM tó lé díẹ̀ ní MB 512, antiX ni kó gbé. Debian ni, wọ́n ti yọ systemd kúrò níbẹ̀, apt rẹ̀ sì ń ṣiṣẹ́. Kò sí ìdí láti máa fọwọ́ gé aṣọ tí ẹnìkan ti rán tán.

Ẹni tó bá dúró ti Tiny Core, kó kọ nọ́ńbà ẹ̀dà Debian sínú fáìlì .info lẹ́gbẹ̀ẹ́ .tcz rẹ̀, kó sì tọ́jú àwọn àṣẹ òkè yìí sínú ìwé àṣẹ kan. tce-update kò mọ ohun tí ẹ fọwọ́ ara yín ṣe. Bí Debian bá tún ihò ààbò kan dí, ẹ̀yin lẹ ó lọ gba .deb tuntun wálẹ̀, kí ẹ sì fún un pọ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i.