TFRRS: ibi tí mo ti ń ka èsì àwọn ọmọ wa tó ń sáré ní yunifásítì Amẹ́ríkà

Bí ẹ bá ní ọmọ, àbúrò tàbí ọmọ ìlú yín kan tó ń sáré fún yunifásítì ní Amẹ́ríkà, ẹ má wulẹ̀ dúró de ìwé ìròyìn ilé wa. Bó bá gba wúrà, wọ́n á gbé e. Bó bá ṣe ipò karùn-ún, ẹ ò ní gbúròó ẹ̀. Ìkànnì TFRRS lèmi ń lò. Ọ̀fẹ́ ni, kì í jẹ dátà, kò sì ní kí ẹ forúkọ sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó ka èsì. Nọ́ńbà ló kún inú ẹ̀ fọ́fọ́. Iṣẹ́ tèmi ni kí n kọ́ àwọn ọmọ ní eré ìdárayá ní Ìjẹ̀bú-Òde níbí, òun sì ni mo máa ń kọ́kọ́ ṣí láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú lásìkò eré, kí n tó múra ṣọ́ọ̀ṣì.

Mo ti gbìyànjú ìkànnì tí wọ́n ti ń fi fídíò eré hàn rí. N ò ní dárúkọ wọn. Dọ́là ni wọ́n ń gbà lóṣooṣù, káàdì náírà mi ò sì wọlé. Ìgbà tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní London wá bá mi san án tán, fídíò ń yí po títí wọ́n fi sá ọgọ́rùn-ún mítà parí. Ọgọ́rùn-ún mítà o, eré tí kò tó ká sín lẹ́ẹ̀mejì! Yàtọ̀ síyẹn, Eugene ní ìpínlẹ̀ Oregon, níbi tí wọ́n ti sábà máa ń ṣe àṣekágbá eré yunifásítì lóṣù kẹfà, fi wákàtí mẹ́jọ wà lẹ́yìn wa. Aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ tiwọn, aago méjì òru tiwa ni. Ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n fi ń ṣe é: àwọn ọkùnrin ní Ọjọ́rú àti Ọjọ́ Ẹtì, àwọn obìnrin ní Ọjọ́bọ̀ àti Àbámẹ́ta. Ta ló fẹ́ bá wọn ṣàìsùn ọjọ́ mẹ́rin, nígbà tí agogo iléèwé ò mọ̀ pé ẹnì kan ò sùn? Mo máa ń sùn tèmi. Bílẹ̀ bá mọ́, èsì ti wà ńlẹ̀.

Ẹ tẹ orúkọ ọmọ sínú àpótí ìwákiri, kẹ́ ẹ sì yàn án. Ká mú Samuel Ogazi, ẹni tó gba irínwó mítà àwọn ọkùnrin fún yunifásítì Alabama lọ́dún 2025 pẹ̀lú 44.84. Orúkọ àti iléèwé ẹ̀ wà lókè, pẹ̀lú ọdún ẹ̀kọ́ tó wà. Lábẹ́ ìyẹn ni àkókò tó dáa jù tó ti sá rí nínú eré kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ni gbogbo ìdíje tó lọ, látorí èyí tó dé kẹ́yìn padà sí ti àkọ́kọ́, pẹ̀lú ipò tó ṣe. Bẹ́ ẹ bá fojú tọ̀ ọ́ wá láti ìsàlẹ̀ sókè, ẹ ó rí bí ọmọ náà ṣe ń dàgbà lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ ó tún rí ibi tó ti falẹ̀, bóyá ara ló ń dùn ún, bóyá ìdánwò ni, ìkànnì ò ní sọ fún yín. Q ńlá túmọ̀ sí pé ipò tó ṣe ló gbé e kọjá sí ìpele tó kàn. Q kékeré, àkókò tó sá ló yọ ọ́.

Afẹ́fẹ́ ni ọ̀pọ̀ èèyàn kì í kà. Nọ́ńbà kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àkókò eré kúkúrú, ó sì wà fún fífò jìnnà náà. Bó bá ní àmì àròpọ̀ (+), ẹ̀yìn ni afẹ́fẹ́ ti ń ti ọmọ. Bó bá ní àmì àyọkúrò (-), iwájú ló ti ń dojú kọ ọ́. Bó bá ti kọjá 2.0, ìyẹn mítà méjì ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, àkókò yẹn ò lè di rẹ́kọ́ọ̀dù. Tobi Amusan, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde tiwa, ni mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ mi. Ní ọjọ́ 24 oṣù keje ọdún 2022 ní Eugene, ó sá họ́dù ọgọ́rùn-ún mítà ní 12.12 nínú ìpele tó ṣáájú àṣekágbá. Afẹ́fẹ́ jẹ́ 0.9, bó ṣe di rẹ́kọ́ọ̀dù àgbáyé nìyẹn, tó lé 12.20 tí Kendra Harrison sá lọ́dún 2016 lọ. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn kan náà ó sá àṣekágbá ní 12.06. Ó yá ju ti àkọ́kọ́ lọ, wúrà sì di tiẹ̀, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ jẹ́ 2.5. Ẹ wá gbọ́ ariwo nínú kíláàsì! Ọmọbìnrin kan ní kí n lọ bi àwọn òyìnbó pé ṣé Tobi ló bẹ afẹ́fẹ́ níṣẹ́.

Ìgbà tí mo fẹ́ràn jù ni oṣù kẹrin sí ìparí oṣù karùn-ún. Lásìkò yẹn, wọ́n máa ń to àwọn sáré-sáré ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà àti ti ìwọ̀-oòrùn sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, látorí ẹni tó yá jù. Ẹni 48 ni wọ́n ń mú fún eré ẹlẹ́nìkan kọ̀ọ̀kan lápá kọ̀ọ̀kan. Méjìlá ló ń yege nínú wọn, tí àpapọ̀ ẹni 24 á fi wọ àṣekágbá. Ẹ máa wo ìlà kejìdínláàádọ́ta yẹn ní gbogbo òpin ọ̀sẹ̀. Ọmọ tó wà ní ipò 44 lónìí lè bá ara ẹ̀ ní ipò 51 lọ́la láìjẹ́ pé ó ṣe nǹkan kan, àwọn mìíràn ló lọ sáré ní ìlú mìíràn. Ó dùn mọ́ mi ju bọ́ọ̀lù lọ, ká sòótọ́.

Orí TFRRS náà ni krọ́sì-kọ́ńtírì, eré ọ̀nà jíjìn inú pápá, ti wọ̀ mí lára. Eré kúkúrú lèmi sá nígbà èwe mi. Ta ló fẹ́ gbọ́ ti ẹni tó ń sáré nínú koríko àti ẹrẹ̀? Ojú-ewé Alabama ni mo wà nítorí Ogazi tí mo fi rí orúkọ Doris Lemngole, ọmọ Kẹ́ńyà, tó ṣe ipò kìíní nínú krọ́sì àwọn obìnrin ní Madison lọ́dún 2024. Lóṣù kẹfà ọdún 2025, ó tún sá ẹgbẹ̀rún mẹ́ta mítà tí wọ́n ti ń fo igi àti omi ní 8:58.15. Síbẹ̀, Alabama kọ́ ló gba ife ẹgbẹ́ nínú krọ́sì ọdún 2024 yẹn. Yunifásítì Brigham Young (BYU) láti Utah ló gbé e, tọkùnrin tobìnrin.

Bí wọ́n ṣe ń kà á rèé. Ẹni méje ló ń sáré fún iléèwé kan, ipò àwọn márùn-ún tó kọ́kọ́ dé nínú wọn ni wọ́n ń rò pọ̀. Ẹni tó ṣe ipò kìíní mú póíǹtì kan wá, ẹni tó ṣe ogún mú ogún wá, iléèwé tí àpapọ̀ ẹ̀ bá kéré jù ló jáwé olúborí. Ẹni kẹfà àti ìkeje ò mú póíǹtì wá, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ṣáájú ẹni karùn-ún iléèwé mìíràn, wọ́n ti fi kún ẹrù ẹlòmíràn nìyẹn. Nítorí náà, ọmọ tó ń mí gúlegúle ní ipò 80, tí kámẹ́rà ò wò rárá, òun ló lè gba ife tàbí kó sọ ọ́ nù. Lórí TFRRS, àtẹ ẹgbẹ́ wà lókè èsì: póíǹtì márààrún, ti ẹni kẹfà àti ìkeje, àti àpapọ̀. Mo lè tẹjú mọ́ ọn títí ìrẹsì á fi jóná.

Ibi tó kù sí wà o. Kò sí àwòrán, kò sí ìtàn. Ọmọ kan gbá họ́dù, ó ṣubú, ó ń sunkún, DNF (kò parí eré) ni wọ́n á kọ. Lẹ́tà rẹ̀ kéré lórí fóònù, ẹ wá awò yín. Èyí tó tún le jù ni pé eré yunifásítì ló wà fún. Ojú-ewé Amusan níbẹ̀ dúró sórí ọdún tó wà ní UTEP, yunifásítì Texas tó wà ní El Paso, níbi tó ti di olúborí yunifásítì gbogbo lọ́dún 2017. Bí ọmọ bá ti di eléré olówó, ẹ kọjá sí ìkànnì World Athletics, àjọ eré sísá àgbáyé, ọ̀fẹ́ lòun náà. Ìgbà mìíràn, ọdún kan ṣoṣo ni ẹ ó fi lo méjèèjì pọ̀: Ezekiel Nathaniel gba họ́dù irínwó mítà fún yunifásítì Baylor ní Eugene lóṣù kẹfà ọdún 2025 ní 47.49, nígbà tó di oṣù kẹsàn-án, ó ti wà ní àṣekágbá àgbáyé ní Tokyo, ó sá 47.11, ó ṣe ipò kẹrin. Èsì Amusan ní Tokyo náà, 12.29 àti fàdákà lẹ́yìn Ditaji Kambundji ọmọ Switzerland, World Athletics lẹ ó ti rí i.

Bí wọ́n bá ní kí n fún un ní máàkì, mẹ́jọ nínú mẹ́wàá. Òbí tó fẹ́ mọ̀ bóyá ọmọ òun ń tẹ̀ síwájú, kó lò ó. Kóòṣì tó fẹ́ mọ àkókò tí ọmọ gbọ́dọ̀ sá kí yunifásítì tó lè wò ó lójú, kó lò ó. Ẹ ṣí ojú-ewé iléèwé tó wù yín, ẹ wo ẹni tó kẹ́yìn nínú eré yẹn, kì í ṣe ẹni tó ṣáájú. Fún ẹni tó fẹ́ rí ẹsẹ̀ àti ìgbọ̀nwọ́ ọmọ bó ṣe ń sáré, fídíò ni tiẹ̀, kó lọ wá káàdì dọ́là.