Ẹ ṣọ́ra fún ajẹ́ǹsì tó ń ta "ìsinmi orí òkun" fún ẹni tó bá dá rìn

Ẹ̀yin ará Àjàṣẹ́, ẹ̀yin ará Ìsàkété, Pọ́bẹ̀, Kétu, títí dé Ṣábẹ̀ẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí kí ẹ tó fi owó ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Ọkùnrin kan wà tó ń polówó ìrìnàjò ọkọ̀ afẹ́, ohun tí gbogbo wa ń pè ní croisière, lórí WhatsApp. Àwọn tó ń dá lọ ló ń wá: opó, ẹni tó ti fẹ̀yìn tì, ọlọ́jà tó ti rẹ̀. Ó máa ń sọ fún wọn pé ìsinmi ni, ìdákẹ́jẹ́ ni. Yàrá àjẹkù ló ń tà fún wọn, nínú ọkọ̀ tí àwọn olólùfẹ́ orin kan ti gbà pátápátá fún ara wọn. Lórí ìyẹn, á tún gba owó yàrá ẹnì kan ṣoṣo lọ́wọ́ yín, kò sì ní san án fún ẹnikẹ́ni. Ti àkọ́kọ́, irọ́ ni. Ti èkejì, olè ni.

Aṣọ ni mo ń tà ní ọjà Wàńdó. Ẹ̀yin tí ẹ mọ Wàńdó, ẹ mọ ohun tí etí ọlọ́jà ń rí láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Tó bá wá di Sátidé, àgọ́ ni gbogbo àdúgbò, ẹ̀rọ gbohùngbohùn méjì méjì lẹ́nu àgọ́ kọ̀ọ̀kan. Ọmọ mi obìnrin tó wà ní Lyon ló ní, "Màmá, ẹ máa bọ̀, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ sinmi lórí omi ná, torí tí ẹ bá ti dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ-ọmọ yín, ìsinmi ti tán." Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Ìgbà yẹn gan-an ni àwòrán ọkùnrin yìí ń yọ lórí fóònù gbogbo wa: ọkọ̀ funfun gbọ̀ọ̀rọ̀, àga ìrọ̀gbọ̀kú kan ṣoṣo létí omi, kò sí ẹ̀dá Ọlọ́run kankan nítòsí.

Mo bi í tààrà pé ṣé ibẹ̀ máa pa rọ́rọ́. Ó ní, "Màmá, bíi mọ́ṣáláṣí lẹ́yìn ìrun Àsùbáà ni. Omi nìkan lẹ ó máa gbọ́."

1.200.000 sẹ́fà ló pè é, fún òru méje láti Marseille, láì ka bàálù mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà ló gbé 450.000 lé e, ó ní torí pé èmi nìkan ni màá sùn nínú yàrá. Mo gbọ́dọ̀ sọ pé irú owó yìí kì í ṣe ohun tí ó ṣẹ̀dá. Ẹni méjì ni àwọn ọlọ́kọ̀ afẹ́ fi ń ṣírò yàrá. Ẹni tó bá dá gbà á á san àfikún, àfikún náà sì lè tó owó odindi ẹnì kan, tí orí kan á fi san owó orí méjì. Ọkọ̀ díẹ̀ ló ní yàrá tí wọ́n dìídì ṣe fún ẹnì kan. Norwegian Epic, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2010, ní irú rẹ̀ 128. Òótọ́ tó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí ni ọkùnrin náà ń fi bo ojú irọ́. Ẹni tó bá lọ wádìí lórí íntánẹ́ẹ̀tì á rí i pé àfikún wà lóòótọ́, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀, á sì san án.

MoMo ló fi gba owó náà, díẹ̀díẹ̀, sí nọ́ńbà tó jẹ́ orúkọ obìnrin. Ó ní ìyàwó òun ni. Ìwé tó fún mi ní òǹtẹ̀ pupa ńlá, ó dára lójú, ṣùgbọ́n kò sí àmì QR ti facture normalisée, ìwé owó tí ìjọba fọwọ́ sí, lórí rẹ̀, kò sì sí nọ́ńbà IFU, nọ́ńbà owó orí oníṣòwò, kankan. Físà, èmi fúnra mi ni mo ṣe é ní Kútọnu: 90 yúrò ni wọ́n ń gbà láti oṣù kẹfà 2024, ó sún mọ́ 59.000 sẹ́fà, pẹ̀lú ìwé ìdánilójú ìtọ́jú àìsàn tí kò gbọ́dọ̀ dín ní 30.000 yúrò. Apá ibẹ̀ nìkan ló lọ létòlétò.

Mo dé èbúté Marseille. Ìlà àwọn èrò gùn, aṣọ dúdú ni gbogbo wọn wọ̀. Irùngbọ̀n dé àyà, àwòrán fífín láti ọwọ́ dé ọrùn, agbárí òkú lẹ́yìn ẹ̀wù. Èmi wà láàárín wọn nínú ìró àti bùbá aláwọ̀ ewé, gèlè lórí, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́. Ọkùnrin gíga kan bá mi gbé àpótí, ó sì fi Faransé bi mí pé ẹgbẹ́ olórin wo ni mo wá wò. Mo ní olórin kẹ̀? Ó rẹ́rìn-ín, ó nawọ́ sí káàdì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi kọ́ mi lọ́rùn. Orúkọ ìrìnàjò náà wà níbẹ̀ gàdàgbà, pẹ̀lú gìtá tó ń jó fòò.

Bí nǹkan ṣe rí nìyí. Àwọn kan wà tí iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n háyà odindi ọkọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ni ín, kí wọ́n kó olórin sínú rẹ̀, kí wọ́n sì ta yàrá fún àwọn tó fẹ́ràn irú orin bẹ́ẹ̀. Kò sí ohun ìkọ̀kọ̀ nínú ẹ̀. Láti 2001 ni The Jazz Cruise ti wà. Ní 2011, àwọn tó fẹ́ràn heavy metal, orin gìtá aláriwo tí orúkọ rẹ̀ túmọ̀ sí irin wíwúwo, bẹ̀rẹ̀ tiwọn láti Miami, 70000 Tons of Metal lorúkọ ẹ̀. Ní Jámánì, Full Metal Cruise bẹ̀rẹ̀ ní 2013. Ẹni tó ń lọ mọ̀ pé òun ń lọ, inú rẹ̀ á sì ti máa dùn tipẹ́tipẹ́. Àmọ́ tí ọjọ́ bá ń sún mọ́, tí yàrá díẹ̀ bá ṣẹ́kù, owó rẹ̀ lè wálẹ̀. Irú yàrá bẹ́ẹ̀ ni ajẹ́ǹsì yìí ń ṣà. Á yọ orúkọ orin kúrò, á fi àwòrán àga ìrọ̀gbọ̀kú rọ́pò ẹ̀.

Níbi tó yẹ kí àga náà wà, pèpéle olórin ni wọ́n kàn síbẹ̀, ó bo odò ìwẹ̀ mọ́lẹ̀. Láti bí aago mẹ́wàá àárọ̀ ni wọ́n ti ń lù ú, ó ń di aago mẹ́rin ìdájí kí wọ́n tó sinmi. Abẹ́ pèpéle náà gan-an ni yàrá mi wà, ẹ rí i pé ó nídìí tí kò fi tètè tà. Mo gbé ife omi sórí tábìlì kékeré ẹ̀gbẹ́ ibùsùn, omi inú rẹ̀ ń gbọ̀n rìrìrì, ó ń ṣe òbírípo kéékèèké bí ìlù ṣe ń dún lókè. Ní iwájú àwọn tó ń gbàlejò, wọ́n kó kànrìnkàn kékeré tí wọ́n fi ń dí etí sínú abọ́ bí ẹni ń pín súìtì. Mo bu ẹ̀kúnwọ́.

Ìyẹn ṣì kéré. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ṣílẹ̀kùn yàrá tí mo san 450.000 lé lórí kí n lè dá wà, obìnrin ará Jámánì kan ti ń kó aṣọ rẹ̀ sínú kọ́bọ́ọ̀dù. Nọ́ọ̀sì ni. Òun náà dá wá ni. Ó ṣàlàyé fún mi pé àwọn tó ṣètò ìrìnàjò náà máa ń so obìnrin méjì tó dá wá pọ̀ sí yàrá kan, kí ẹnikẹ́ni nínú wọn má baà san àfikún. "Àfikún wo ni o san?" ló ń bi mí. Mo jókòó sórí ibùsùn.

Mo lọ bá àwọn tó ń gbàlejò. Ọmọbìnrin tó dá mi lóhùn ní sùúrù, ó yí ojú kọ̀ǹpútà sí mi kí n fojú ara mi rí i: orúkọ mi, yàrá ẹni méjì tí a pín, àfikún òfo. Iye tí ajẹ́ǹsì san fún yàrá náà kò tó ìdajì ohun tí mo fún un. Ó ní ọlọ́kọ̀ kò lè ṣe ohunkóhun sí i, ẹni tó tà á fún mi ni kí n mú. Ṣùgbọ́n ó tẹ ìwé náà jáde fún mi pẹ̀lú òǹtẹ̀ ọkọ̀. Ẹ̀yin tí ọ̀rọ̀ yìí bá ti kàn, ẹ má sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ láì gba ìwé yẹn. Òun ni ẹ̀rí.

N kò bínú sí àwọn olórin àti èrò wọn o. Èèyàn dáadáa ni wọ́n. Nígbà tí òkun ru, àwọn onírùngbọ̀n yìí ló ń di apá mi mú lórí àtẹ̀gùn. Ọ̀kan tilẹ̀ jókòó tì mí nídìí oúnjẹ, ó fẹ́ mọ irú orin tí a ń gbọ́ nílùú mi. Mo sọ fún un nípa adjogan, orin ààfin Àjàṣẹ́, àti ọ̀pá onírin tí òrùka ń ró ṣaworo lára rẹ̀. Ó ní ìyẹn náà irin ni, ẹbí ni wá. N kò mọ èyí tí màá fi dá a lóhùn. Ẹni tó bá fẹ́ràn irú orin bẹ́ẹ̀, kó lọ, yóò jẹ ayé. Ọ̀rọ̀ mi wà fún ẹni tí wọ́n tà á fún bí oògùn oorun.

Nígbà tí mo padà dé, mo pe ọkùnrin náà. Ó ní, "Màmá, ṣé ẹ kò wọ ọkọ̀ ni? Ṣé ẹ kò rí òkun?" Mo fi ìwé ọkọ̀ ránṣẹ́ sí i, ó sì dí ọ̀nà mọ́ nọ́ńbà mi. Ẹ̀gbọ́n mi kan ní Kútọnu náà ti bọ́ sọ́wọ́ ẹ̀. Tirẹ̀ jẹ́ ọkọ̀ oníjó salsa. Ó ní òun gbádùn ẹ̀ dé ibi tó dé, ẹsẹ̀ òun ló wú. Ṣùgbọ́n owó àfikún tirẹ̀ náà wọgbó.

Ẹ wò ó, kí ẹ tó sanwó, ẹ gba orúkọ ọkọ̀ àti ọjọ́ tó máa gbéra, kì í ṣe àwòrán. Ẹ lọ sí ojú ewé ẹni tó ni ọkọ̀ náà gan-an. Tí ọkọ̀ náà bá ń gbéra ní ọjọ́ Àìkú kọ̀ọ̀kan, tí ọ̀sẹ̀ tiyín nìkan wá ṣófo nínú kàlẹ́ńdà rẹ̀, ẹnì kan ti háyà rẹ̀. Ẹ tẹ orúkọ ọkọ̀ àti ọjọ́ náà sínú Google, orúkọ ìrìnàjò olórin náà á yọjú. Ó tún lè jẹ́ pé ẹgbẹ́ kan gba apá kan ọkọ̀ ni, tí kàlẹ́ńdà kò fi hàn. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ọlọ́kọ̀ ní tààrà. Tí ẹ bá ti san àsansílẹ̀, ẹ gba nọ́ńbà tí wọ́n fi gba yàrá sílẹ̀ fún yín (réservation), kí ẹ fúnra yín fi bi wọ́n pé èèyàn mélòó ló wà nínú yàrá náà. Ajẹ́ǹsì tó bá sọ pé nọ́ńbà náà kò tíì jáde lẹ́yìn tó ti gba owó, ẹ mọ ẹni tí ẹ ń bá ṣòwò. Ẹ béèrè bóyá owó ohun mímu àti owó òṣìṣẹ́ ọkọ̀, tí ọkọ̀ púpọ̀ máa ń gé lójoojúmọ́, wà nínú iye tó pè. Tí ọkọ̀ bá sì máa ya Túnísíà kó tó padà sí Yúróòpù, físà ìwọlé ẹ̀ẹ̀kan kò tó o, torí ìpadà yẹn di ìwọlé kejì, wọn kò ní jẹ́ kí ẹ wọkọ̀.

Mo ti kó ìwé ọkọ̀, ìwé MoMo àti ohùn rẹ̀ lórí WhatsApp lọ fún àwọn CNIN tó ń rí sí ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì. Wọ́n ti gba ẹ̀sùn mi sílẹ̀. Ẹlòmíràn tí ó bá lù ní jìbìtì, kó lọ fi tirẹ̀ náà kún un. Mo gbọ́ pé ó tún ti ń gba owó fún ìrìnàjò mìíràn báyìí. Tí ẹ bá ti san nǹkan fún un, ẹ pe ọlọ́kọ̀ lónìí, torí bí ọjọ́ ìgbéra bá ṣe ń sún mọ́, bẹ́ẹ̀ ni owó tí wọ́n lè dá padà ń dín kù.